Àgádágodo Ilẹ̀kùn Màmá

Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní àlá. Èmi ò sùn. Ọ̀sán ni, ojú mi sì là kedere.

Olùkọ́ ni mí. Ìjàpò ní Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Inú kọ̀ǹpútà ilé mi ni ohùn Màmá wa wà: ìtàn ilé wa, àti orin tí wọ́n fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún. Mo gbà á sílẹ̀ kí wọ́n tó kú, kò sì sí níbòmíràn. Ọ̀la ni màá dà á kọ, ọ̀la ni. Nígbà tí olè bẹ̀rẹ̀ sí í kó kọ̀ǹpútà ládùúgbò wa, àyà mi já.

Mo ra ẹ̀wọ̀n irin. Àgádágodo ọjà kò tẹ́ mi lọ́rùn; ìṣó lásán ni olè fi ń ṣí wọn. Mo bá rántí ti Màmá ní Oǹdó, tó wúwo bí ọmọ ọlọ. Yàrá wọn ni a fi tì. Nílé wa, a kì í ṣí yàrá òkú títí ẹbí yóò fi jókòó pín ogún. Mo lọ, mo tú u kúrò lára ilẹ̀kùn. Akíntóyè, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ilé náà, dúró wò mí.

“Lará, dá a padà.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló kù níbẹ̀ tí olè fẹ́ jí?”

“Ta ló sọ fún ọ pé torí olè la ṣe tì í?”

Bí mo bá ti pinnu nǹkan, etí mi a di. Mo gbé e délé. Òrùka irin kan wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Mo ki ẹ̀wọ̀n bọ̀ ọ́, mo so ó mọ́ irin ojú fèrèsé, mo fi àgádágodo Màmá tì í.

Ní Sátidé, iná lọ, ilé dákẹ́. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mò ń rẹ́ ilá. Ẹ̀wọ̀n ró. Mo wò ó, kò mì. Ó tún ró, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ọwọ́ ń wá ibi tí ẹ̀wọ̀n parí sí. Mo di àgádágodo mú. Ó gbóná.

“Ẹ ò ní mú un lọ,” ni mo wí. N kò mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ó dákẹ́. Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

“Ṣé ìwọ lo wà nínú yàrá Màmá?”

“Àkúrẹ́ ni mo wà.”

“Ilẹ̀kùn ti tì láti inú. Ẹnìkan ń kọrin níbẹ̀.”

“Orin wo?”

Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù sún mọ́ ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ orin tí Màmá fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún. Ẹ̀rù bà mí.

Nígbà tí iná dé, mo tan kọ̀ǹpútà. Ohùn Màmá wà níbi tí mo fi í sí. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohùn ènìyàn nínú rẹ̀, àfi ẹ̀wọ̀n tó ń ró. Inú wá bí mi ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ. Ẹ̀wọ̀n kò já, àgádágodo kò ṣí, síbẹ̀ a ti jà mí lólè.

Mo tú àgádágodo náà, mo wọkọ̀ Oǹdó. Mo dúró níwájú ilẹ̀kùn. Orin náà ń lọ nínú.

“Màmá, àgádágodo yín rèé. Ẹ fún mi ní ohùn yín.”

Orin dúró.

“Ta nìyẹn?” Ohùn Màmá ni.

“Ọmọlará ni, Màmá.”

“Ọmọlará wo?”

Ẹ̀gbọ́n mi fà mí lápá pé ká lọ. Mo já ọwọ́ mi gbà. Mo fa àpótí, mo jókòó, mò ń ki oríkì ilé wa sí ilẹ̀kùn náà, bí Màmá fúnra wọn ṣe kọ́ mi. Bí mo bá ti kì í tán, wọ́n á tún béèrè ẹni tí mo jẹ́. Èmi náà á tún bẹ̀rẹ̀.