Ọmọ Tó Ń Fi Etí Kàwé

Ọjọ́rú ni, ọjọ́ tí Ìyá Atẹ̀wé máa ń lọ kọ́ ọmọ níwèé nílé ìwé ìjọba tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wọn. Ó ti lọ aṣọ rẹ̀ láti àárọ̀, ó ti nu jígí ojú rẹ̀, ó sì ti ra bisikíìtì méjì sínú báàgì. Bó ṣe ń rìn lọ ló ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé, kí wọ́n lè bi í léèrè ibi tó ń lọ, kí òun náà lè ráyè sọ ọ́. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ti fẹ̀yìn tì, tó tún ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé, irú wọn mélòó ló kù láyé?

Ọgbọ̀n ọdún ló fi tẹ̀wé ní kóòtù, kò sì sí adájọ́ tó bá ṣiṣẹ́ tí kò yìn ín. Nítorí náà, nígbà tí ilé ìwé yẹn kéde pé àwọn ń wá àgbàlagbà tó lè yọ̀ǹda wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ìwé ń ni lára, òun ló kọ́kọ́ kọ orúkọ sílẹ̀. Ohun tí kò bá a lára mu ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Sátidé mẹ́ta tí wọ́n ní kálukú gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó fún un lọ́mọ. Ó jókòó fún wákàtí kan péré ní Sátidé àkọ́kọ́. Nígbà tí olùdánilẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́bìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ní kí wọ́n pín ara wọn ní méjì méjì láti kọ́ bí èèyàn ṣe ń dákẹ́ tẹ́tí sí ọmọ, Ìyá Atẹ̀wé dìde.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dákẹ́? Ìwé tí mo ti tẹ̀ láyé mi, tí ẹ bá tò ó jọ, ó máa ga ju ilé yìí lọ. Ẹ jẹ́ n lọ sinmi ní tèmi."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Ẹni tó jókòó tì í, káfíńtà kan tí òun fúnra rẹ̀ ń kàwé bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta, fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kí ìyá náà lè rí ọ̀nà kọjá. Ọ̀gá ilé ìwé mọ̀ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tì í láti bá àgbàlagbà wí. Ló bá buwọ́ lùwé pé ìyá náà ti parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Kò tán síbẹ̀ o. Òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ tirẹ̀ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀, kí ìfẹ́ má baà bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ìyá Atẹ̀wé ní ọmọ-ọmọ òun lòun fẹ́, wọ́n sì fún un.

Rédíò ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ohun tó bá ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti wà lórí rẹ̀ nìyẹn. Ó lè ka ìròyìn àárọ̀ fún ọ nírọ̀lẹ́ láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, pẹ̀lú ikọ́ tí ẹni tó kà á wú láàárín rẹ̀. Bí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe ń kọ́ ọ nìyí: ìyá á ka ìlà kan, Rédíò á kà á tẹ̀lé e, ìka rẹ̀ á máa rìn lórí ìwé. Tí wọ́n bá ṣe tán, ìyá á kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ pé, "Ó ń kà á já gaara." Oṣù márùn-ún ló ti ń kọ bẹ́ẹ̀, kò sì fìgbà kan wo ibi tí ìka ọmọ náà wà.

Ìyá Rédíò, ọmọ Ìyá Atẹ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì, ti fura. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó wá bá ìyá rẹ̀.

"Màmá, ọmọ yìí ń sọ pé orí ń fọ́ òun. Ó tún ń kọlu ilẹ̀kùn kiri. Mo ti gbàyè lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mo fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́la."

"Dókítà ojú kẹ̀? Ọmọ tó ń kàwé fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́? Ojú ta ló fi ń kà á, ṣé ojú tèmi ni? Ìwé ló ń sá fún jàre. Gbà, wò ó fúnra rẹ."

Ó na ìwé àkọsílẹ̀ sí i. Ọmọ rẹ̀ kà á tán, ó sì padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ta ni yóò bá Ìyá Atẹ̀wé jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìwé?

Ní Ọjọ́rú tí à ń sọ yìí, nígbà tí wọ́n pé jọ sínú yàrá tí ilé ìwé ń kó àga tó ti kán sí, olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ní kí wọ́n pààrọ̀ ọmọ fún ọjọ́ kan, kí ojú ẹlòmíì lè bá wọn wo iṣẹ́ wọn. Rédíò bọ́ sọ́dọ̀ káfíńtà. Ẹ̀rín fẹ́ pa Ìyá Atẹ̀wé. Ó dá a lójú pé ọmọ òun ni yóò kọ́ káfíńtà níwèé lónìí.

Káfíńtà ṣí ìwé sí ojú ewé tí ọmọ náà kò tíì dé rí. "Ó yá, kà á fún mi. Mi ò ní sọ nǹkan kan."

Rédíò ti ìwé náà padà sí i. "Bọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ kà á ná."

"Rárá o. Ìwọ ni mo fẹ́ gbọ́."

Ó sì dákẹ́ lóòótọ́. Ọmọ náà gbé ìwé títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìka rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ kiri lórí àwòrán. Ìyá Atẹ̀wé kò lè mú un mọ́ra.

"Kí lo ń ṣe níbẹ̀? Kà á jàre! Má dójú tì mí!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè," ni káfíńtà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó mú páálí kékeré kan, ó fi bo ojú òsì ọmọ náà. "Ìka mélòó nìyí?"

"Méjì."

Ó gbé páálí náà lọ sí ojú ọ̀tún. "Báyìí ńkọ́?"

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ti paná ni?"

Kò sí iná tó tàn nínú yàrá náà. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn sì ń wọlé láti ojú fèrèsé méjèèjì.

Ìbínú ló kọ́kọ́ dé ẹnu Ìyá Atẹ̀wé. "Ta ló sọ ẹ́ di dókítà? Kí lo mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ojú?"

"Wọ́n kọ́ wa ní Sátidé kejì ni, Màmá. Wọ́n ní ká tó sọ pé ọmọ mọ̀wé tàbí kò mọ̀ ọ́n, ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó ń ríran, bóyá ó ń gbọ́ràn. Ká má máa kà á fún un ṣáájú. Tó bá ń gbé ìwé sún mọ́ ojú, tó ń tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń kọlu nǹkan, tí orí ń fọ́ ọ, ká sọ fún olùkọ́ àti òbí lọ́jọ́ náà gan-an. A kì í ṣe dókítà. Ká tètè sọ ọ́ ni tiwa."

Ìyá Atẹ̀wé kúnlẹ̀ síwájú ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Láti ìgbà wo lo ò ti ríran?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Inú yín máa ń dùn tí mo bá kà á tẹ̀lé yín, Màmá àgbà. Ẹ máa ń sọ fún gbogbo èèyàn lójú ọ̀nà."

Lọ́jọ́ kejì, dókítà ojú yẹ ọmọ náà wò fún ìgbà pípẹ́ kó tó pe ìyá àti ìyá àgbà wọlé.

"Omi kan wà nínú ẹyinjú gbogbo wa," ni dókítà náà wí. "Tirẹ̀ kì í rí ọ̀nà jáde dáadáa, ó wá ń tẹ iṣan tí ojú fi ń ríran, ó sì ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àgbà ló sábà máa ń mú, ṣùgbọ́n ó ń mú ọmọdé náà. Ojú òsì ti lọ. A máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ọ̀tún, ẹ ó sì máa kán oògùn sí i lójoojúmọ́, kí èyí tó kù má baà lọ. Èyí tó ti lọ kò ní padà."

"Tí mo bá mú un wá ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ńkọ́?" ni ìyá Rédíò bèèrè.

Dókítà dáhùn pé, "Mi ò lè búra. Àmọ́ ó ṣeé ṣe kó ṣì máa fi ojú òsì yẹn rí nǹkan."

Ìyá Rédíò kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn yíjú sí ìyá tó bí i. "Mo ti gbàyè, Màmá. Ohun tí ẹ kọ ni mo gbà gbọ́."

Ìyá Atẹ̀wé jáde. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó ń sunkún bí ọmọdé, kò sì sẹ́ni tó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ì bá dùn mọ́ ọn ká ní ọmọ rẹ̀ bú u.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì yọrí sí rere níwọ̀n. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé nítorí ìwé irọ́ tó buwọ́ lù. Ìyá Rédíò ṣì ń wá kí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdúró ló máa ń kí i, kì í jókòó mọ́. Ìyá Atẹ̀wé lọ ṣe Sátidé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé pérépéré, níwájú ni ó jókòó sí. Ní báyìí, tí àwọn tuntun bá dé, òun ni wọ́n máa ń ní kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì máa ń sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ẹ̀bi tirẹ̀ pamọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omijé kì í jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ọjọ́ tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú Rédíò, ìyá àgbà rẹ̀ ló jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Ọmọ náà wo ọ̀ọ́kán, ó wo ọ̀tún, kò rí ẹnikẹ́ni.

"Màmá àgbà, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí n lè rí yín."

Ó dìde, ó yí ibùsùn náà po, ó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, àwọn ilé ìwé ìjọba wa kún fún ọmọ tó nílò àgbàlagbà kan péré tí yóò jókòó tì wọ́n. Ẹ lọ, inú wọn yóò dùn sí yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ yín, ìbáà jẹ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni yín. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ má ṣe buwọ́ lu ohun tí kò ṣẹlẹ̀ nítorí ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá ní orí ń fọ́ òun, tí ẹ sì rí i pé kò rí ọ̀nà dáadáa, ẹ mú un lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni yòówù kó sọ fún yín pé kò sí nǹkan. Tí ẹ bá sì jókòó ti ọmọ kan pẹ̀lú ìwé, ẹ dákẹ́ fún un, kí ẹ wo ibi tí ìka rẹ̀ wà.