Èbù Ọgọ́ta Tí Àlejò Jẹ Tán

Ládélé ni ẹni kẹtàdínlógún tó kí Memunat kú ewu iná lọ́jọ́ yẹn, oòrùn ò sì tíì kan àtàrí. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti Ìkàrẹ́ wá sí Ọ̀kà. Láyé ìgbà náà, òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó àwọn ọkùnrin ìlú jọ láti la ọ̀nà ni, ẹsẹ̀ ni mọ́tò gbogbo èèyàn.

"Ẹ kú ewu iná o, ìyàwó wa. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́."

"Àmín o."

"Báwo ló tilẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀?"

Memunat mí kanlẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Àwọn tó ń dọdẹ òkété ló kiná bọ igbó lórí òkè. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé iná náà sọ̀ kalẹ̀, ilé mọ́kànlá sì jó, tòun ti ọgbà iṣu tó wà lẹ́yìn wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ẹ̀mí ò bá a lọ. Ó ti sọ ọ́ títí tó fi mọ ibi tí àlejò yóò ti pòṣé àti ibi tí yóò ti mirí.

Ládélé ní, "Ẹ má banú jẹ́ rárá. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

"Ilé Badmus kọ́ ni ilé ọba," ni Memunat wí nínú ikùn rẹ̀.

Badmus, ọkọ rẹ̀, ti ń ṣẹ́jú sí i pé kó lọ gúnyán. Iṣu wo? Iṣu tó kù lọ́wọ́ wọn ni èbù ọgọ́ta tí Limota, ẹ̀gbọ́n Memunat tó wà nílé ọkọ ní Ìkàrẹ́, fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kẹta tí iná jó. Ó sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ de òjò àkọ́rọ̀.

Memunat pe ọkọ rẹ̀ sẹ́yìn ògiri tó dúdú.

"Bàbá Tàwàkálítù, èbù ni o. Bá a bá jẹ ẹ́, kí la fẹ́ gbìn?"

"Àwọn èèyàn rin láti Ìkàrẹ́ wá torí mi, kí n wá jẹ́ kí wọ́n febi padà? Ilé mi ló jó, ojú tó ń tì mí ò jó."

Memunat gún iyán nínú odó àyálò. Inú ń bí i débi pé ó ń gún un bí ẹni pé orí ẹnì kan ló wà nínú odó.

Bẹ́ẹ̀ ló rí lójoojúmọ́. Àwọn ará Àrìgìdì dé, wọ́n jẹun, wọ́n ṣàdúà gígùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ṣe sàárà, àkàrà àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí wọ́n gbé wá láti ilé mẹ́fà pọ̀ débi pé ewúrẹ́ ló bá wọn jẹ ẹ́ tán. Alùfáà ṣàdúà, wọ́n ká ẹní, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ kẹsàn-án, ẹnikẹ́ni ò yọjú mọ́. Àfi bí ẹni pé ọjọ́ mẹ́jọ ni ilé fi ń hù padà!

Oṣù méjì kọjá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ aládùúgbò ni Memunat àti àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń sùn. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, gbogbo èèyàn gbé ọkọ́ lọ sóko, ṣùgbọ́n èbù mẹ́rin péré ló kù fún Badmus. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

"Ibo lò ń lọ?"

"Oko kòkó ní Oǹdó. Wọ́n ń wá alágbàṣe."

Memunat dúró síwájú rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta ló lọ ní àdúgbò wọn lọ́dún tó kọjá, títí di òní, kò sẹ́ni tó gbúròó méjì nínú wọn. "Tó o bá lọ, ta ni yóò kọ́ ilé?" Badmus so okùn mọ́ ẹrù rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni Limota dé. Kò tíì jókòó tó fi béèrè.

"Èbù mi dà?"

"Àwọn tó wá kí wa ló jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Badmus dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀.

"Dìde, àna mi," ni Limota wí. "Ẹ̀yin nìkan kọ́. Nígbà tí iná jó àdúgbò tiwa, ọjọ́ mẹ́jọ la fi yó, ọdún méjì ni ebi fi pa wá. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó gbọ́n. Oúnjẹ ni kí àwọn tó ń kíni gbé wá ní ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́. Tó bá kọjá ìyẹn, koríko ìbolé ló kàn. Bí òjò bá rọ̀, èbù àti ọ̀wẹ̀. Kí ẹnì kan sì ti mú àgbàdo pa mọ́ de ìgbà ebi, kí iṣu tuntun tó jáde. Kí oníkálukú mú ìgbà tirẹ̀, kí wọ́n má sì jẹun nílé ẹni tí iná jó."

"Ta ló máa gbà láti ṣe é?"

"Àwọn tó jẹ ẹ́ náà ni."

Lọ́jọ́ kejì, Limota àti Memunat gba ilé Ládélé lọ ní Ìkàrẹ́.

"Ládélé, ṣé iyán tó o jẹ ní Ọ̀kà dùn?" ni Limota bi í.

"Ó dùn gan-an. Ìyàwó wa mọ iyán gún."

"Èbù wọn ni. Oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀ lo gbé mì."

Ládélé lanu sílẹ̀. "Wọn ò sọ fún mi!"

"O ò béèrè. Bí iná ṣe bẹ̀rẹ̀ lo béèrè, o ò béèrè ohun tó kù."

Ojú tì í. Kó tó di ọjọ́ ọjà kejì, òun àti àwọn mẹ́jọ yẹn ti dé Ọ̀kà, ọkọ́ léjìká, èbù mẹ́wàá mẹ́wàá lórí, iṣu sísun nínú àpò kálukú wọn. Wọ́n kọ ebè, wọ́n gbìn ín. Àwọn ará Àrìgìdì tí Limota ránṣẹ́ sí náà ru koríko wá, wọ́n bo ilé, wọ́n sì ro gbogbo ẹ̀yìn àdúgbò mọ́lẹ̀ kí iná ọyẹ́ má baà tún rí nǹkan jẹ dé ibẹ̀. Badmus fúnra rẹ̀ ló tú ẹrù rẹ̀. Ó gbé ọkọ́, ó bá wọn lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ mìíràn dé, wọ́n gbọ́ pé iná jó ní Ìkáràm. Badmus ti wọ agbádá, ó fẹ́ lọ kí wọn. Memunat di etí aṣọ náà mú.

"Jókòó, jẹun ná."

Ó yó tán, ìyàwó rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ èbù lé e lórí. "Tó o bá débẹ̀, má bi wọ́n bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kù ni kó o béèrè."

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí iná bá jó aládùúgbò yín, ẹ má jẹ́ kí àánú yín tán lọ́jọ́ kẹjọ. Ẹ pín in sí ìgbà ìbolé, ìgbà ọ̀gbìn àti ìgbà ebi, kí ẹ sì bá wọn ro àyíká kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ẹni tí iná jó, má fi èbù rẹ ṣe àlejò, sọ ohun tó kù fún wọn láìtijú. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lọ kí wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun kúrò nílé.