Ohun Tó La Ọkọ̀ Apẹja Sí Méjì

Ìdajì ọkọ̀ apẹja ni wọ́n kọ́kọ́ rí ní èbúté láàárọ̀. Ìdajì kejì há sáàárín koríko gíga etí odò, òkú apẹja sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ihò ńlá méjì wà ní ìhà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó jẹ nínú ẹran ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbẹ́ ọkọ̀ náà, fọwọ́ pa ojú igi tó là. "Àáké kọ́ ló ṣe èyí. Àbúrò mi, kí ni ìyá ọkọ ẹ sọ fún un lánàá?"

Opó náà dáhùn. "Wọ́n ní tó bá gba inú koríko yẹn kọjá, kò ní padà wálé."

"Ẹ ò gbọ́!" gbẹ́nàgbẹ́nà pariwo sáwọn tó pé jọ.

Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti gba ìgboro. Wọ́n rántí àgbàdo etí odò tí nǹkan ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lóròòru. Wọ́n rántí oyún méjì tó ti wálẹ̀ lára opó náà. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: ta ni ò mọ̀dí ẹ̀?

"Erinmi ni," ìyá òkú wí. "Mo gbọ́ bó ṣe ń mí lójú omi. Wọ́n pọ̀ níbí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí wọ́n tó kúrò."

Gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ́rìn-ín ìyàngì. "Erinmi tó ń jẹ koríko? Màmá, ta lewúrẹ́ pa jẹ rí?"

"Ebi kọ́ ló ń mú un pa èèyàn. Ilé ẹ̀ lodò. Ẹni tó bá sún mọ́ ọmọ ẹ̀, tàbí tó dínà odò mọ́ ọn..."

"Ẹ dákẹ́! Lọ́la, ẹ ó kẹ́rù yín kúrò nílé yìí."

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, opó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ìyá ọkọ rẹ̀ dún. Ó yọ́ tẹ̀ lé e títí dé oko àgbàdo. Kùrukùru bo ibẹ̀. Lékeléke kan dúró lórí àpáta láàárín oko.

Opó dúró lójijì. Ó mọ oko yẹn bí ẹní mowó. Kò sí àpáta kankan níbẹ̀.

Àpáta náà gbórí sókè. Àpáta kékeré kan mira lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu tí èyí tó tóbi yà gbàgà, ọmọdé lè dúró nínú rẹ̀. Opó figbe ta, ó kọjú sódò.

"Má sá sódò! Ọ̀nà ẹ̀ nìyẹn!"

Ìyá ọkọ rẹ̀ gbá ìró rẹ̀ mú, ó fà á lulẹ̀ sẹ́yìn igi. Ilẹ̀ mì tìtì. Ẹran tó sanra tó bẹ́ẹ̀ yẹn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ìjì, ẹrọ̀fọ̀ ta sí wọn lójú, òun àtọmọ rẹ̀ sì dà gbàà sínú omi.

Opó nu ẹrọ̀fọ̀ ojú rẹ̀. "Ìyá, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Mo fẹ́ mọ ibi tó ń gbà, kí n lè fi hàn wọ́n. Bẹ́ ẹ tiẹ̀ lé mi lọ, ṣebí àwọn ọmọ ṣì ń pọnmi lódò yìí."

Nígbà tí wọ́n délé, ẹrù ìyá ti wà níta, gbẹ́nàgbẹ́nà sì dúró tì í. Opó gbé ẹrù náà lérí láìwo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sáré lọ dá àwọn tó ń lọ pọnmi dúró. Erinmi abiyamọ wà lódò."

Ó gbé ẹrù náà padà sí yàrá ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Ìyá fà á mọ́ra. Látìgbà tí ọkùnrin náà ti kú, ìgbà yẹn ni ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún rẹ̀ pa pọ̀.