Wáyà Tí A Kò Bi Léèrè

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Olójú Igba níbi iṣẹ́. Igba rọ́tà, ẹ̀rọ tó ń fi wáyà gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, ni ilé-iṣẹ́ wọn gbé sí ọ́fíìsì àti ilé-ìwòsàn káàkiri, òun ló sì kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ gbogbo wọn. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ètò náà á bi wáyà kọ̀ọ̀kan pé, "Ṣé o wà láàyè?" Èyí tó bá kú, iná pupa á tàn, ariwo á sọ. Ọkùnrin náà gbéra ga. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní kí àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á ní, "Ẹni tó ní igba ojú, kí ló tún ń wá?"

Lọ́jọ́ kan, wáyà kejì ilé-ìwòsàn kan, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ de ìgbà tí àkọ́kọ́ bá já, bẹ̀rẹ̀ sí pariwo. Ariwo náà sú u. Ó fi orúkọ wáyà náà sára àwọn tí ètò náà kò gbọ́dọ̀ bi léèrè mọ́, ó ní òun á wò ó lọ́la. Bẹ́ẹ̀ wáyà tí a kò bá bi léèrè, iná aláwọ̀ ewé, àmì pé ó wà láàyè, ló ń gbà. Ọ̀la di oṣù mẹ́ta.

Nígbà tí wáyà àkọ́kọ́ já, èkejì ti kú tipẹ́. Láti àárọ̀ dọ̀sán, dókítà kò rí àkọsílẹ̀ aláìsàn kankan. Ọ̀gá pe Olójú Igba.

"Gíríìnì ló wà lọ́dọ̀ mi, sà. Bàbá Wáyà ni ò so èkejì dáadáa."

Wọ́n fún Bàbá Wáyà, àgbà òṣìṣẹ́ tó ń fa wáyà, ní ìwé pé kó má wá mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì.

Láti ọjọ́ náà, ara Olójú Igba kò lélẹ̀ mọ́. Á jókòó, á dìde bí ẹni tó jókòó lé ẹ̀gún. Oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Ọkọ mi, kí ló ń ṣe yín?"

"Kò sí nǹkan."

Ní ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Wáyà wá dá ẹ̀mú àti àkàbà padà ní yàrá ẹ̀rọ tí Olójú Igba wà.

"Ẹ ò bínú ni, bàbá?"

"Mo bínú, ọmọ mi. Ìyá àwọn ọmọ sunkún. Àmọ́ mo ti sọ fún Jésù. Ó mọ bí mo ṣe so wáyà yẹn. Ibi tí ẹ̀rọ rẹ ò bá bèèrè, Òun ń bèèrè níbẹ̀."

Bàbá náà kò mọ nǹkan kan nípa ohun tí Olójú Igba ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ojú egbò. Olójú Igba rí i pé òun ti ṣe ọkàn òun bí òun ṣe ṣe wáyà ọjọ́sí: òun ti ní kó má sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀rọ tí ń kùn, ẹ̀rù ń bà á. "Olúwa, bi mí léèrè. Mo ti kú. Nítorí Jésù, ṣàánú mi."

Ó di bàbá náà lọ́wọ́ mú lọ bá ọ̀gá. "Èmi ni mo ní kí ẹ̀rọ má bi wáyà yẹn léèrè mọ́, sà. Irọ́ ni mo pa."

Bàbá Wáyà padà sẹ́nu iṣẹ́. Olójú Igba ni wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fóṣù mẹ́ta, ó sì lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó jẹun yó.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Gbogbo ènìyàn lè máa rí iná aláwọ̀ ewé lójú rẹ. Kí ni o ti ní kí ọkàn rẹ má sọ mọ́? Má ní ó di ọ̀la. O ti rí bí ọ̀la ọkùnrin yìí ṣe gùn tó. Jésù tó kú nítorí rẹ ń bi ọ́ nísinsìnyí pé, "Ṣé o wà láàyè?"

Dá a lóhùn lónìí.