Ọkọ̀ Tó Ń Jẹ Epo Lójú Kan

Ìròyìn yẹn fi ọjọ́ kan pẹ́. Lánàá ni mo fi ìwádìí mi lórí epo ọkọ̀ ìjọba lé ọ̀gá wa lọ́wọ́ ní Ìgándò. Àárọ̀ òní ni Bàbá Stephen, mẹkáníìkì wa, wọlé.

"Àyìnkẹ́, o kọ ọ́ pé epo ọkọ̀ Dọ̀tun pọ̀ ju ìrìn rẹ̀ lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ṣe fi hàn, sà. Lítà ogún, kìlómítà mẹ́ta péré."

"Há à! Ṣebí ọkọ̀ tó ń fa omi gọ́tà ni? Ojú kan ló ń dúró sí, tí ẹ́ńjìnnì á sì máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rin. Wákàtí la fi ń wọn tiẹ̀! Wọ́n ti dá ọmọ ọlọ́mọ dúró láàárọ̀ yìí, wọ́n ní ó ń jí epo tà."

Awakọ̀ ọkọ̀ náà nìyẹn. Dọ̀tun, olólùfẹ́ mi.

Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn la pàdé nídìí pọ́ǹpù epo. Mo ní kó kọ iye tó gbà, ó ní, "Aǹtí, ẹ kọ orúkọ yín náà sí i, kí n lè máa rí i lójoojúmọ́." Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló ní kí n fẹ́ òun. Mo ní kó fún mi láyè.

Mo pe màmá mi ní Egan, mo ní mo fẹ́ ṣàtúnṣe ìwádìí yẹn.

"Fi ìwé yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, jàre," wọ́n ní. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbé ẹ ga. Ṣé awakọ̀ gọ́tà lo máa fi ṣọkọ ni?"

Inú mi bàjẹ́. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wa pé èmi ni mo ṣìṣe, pé wákàtí ni ká máa kọ sílẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró.

"O mọ̀ pé ìgbéga yẹn ti lọ nìyẹn?" ọ̀gá bi mí.

"Mo mọ̀, mà."

Nírọ̀lẹ́, mo bá Dọ̀tun níwájú ilé wọn ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ó ń fọ bàtà òjò rẹ̀.

"Wọ́n ti pè mí. Wọ́n ní kí n padà lọ́la," ó ní. Kò gbójú sókè. "Ṣùgbọ́n o ò tilẹ̀ bi mí, Àyìnkẹ́."

"Mi ò bi ẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní mò ń gbè sẹ́yìn ẹ. Má bínú, ọkàn mi."

"Màmá yín ńkọ́?"

"Wọ́n ń bínú."

Ó gbé bàtà sílẹ̀. "Ṣé lẹ́tà yẹn ni ìdáhùn tí mò ń retí?"

"Rárá. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Bí o bá tiẹ̀ kọ̀ mí, màá kọ ọ́ náà." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, tòun tọṣẹ. "Màá fẹ́ ẹ, Olúwadọ̀tun."