Oṣù Mẹ́ta Nítorí Píkọ́ọ̀pù Dúdú

Obìnrin kan gbé àpò èèpẹ̀ tútù léjìká, ó wọ ọgbà àwọn tó ń ta ọkọ̀ bí ẹni tó ń wọ ilé bàbá ẹ̀. Omi ń kán nídìí àpò náà, ó ti ba ẹ̀yìn aṣọ ẹ̀ jẹ́, kò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Ó sọ àpò náà sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù funfun kan, gbì! Ó fa okùn kan tó ta ní kókó-kókó yọ, ó lóṣòó, ó fi wọn àlàfo tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn àti irin tó bò ó. Ló bá mi orí. Ó tún gbé àpò, ó di ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù pupa. Ó wọn ìyẹn náà. Ó tún kọjú sí dúdú.

Ọkùnrin tó ń wò ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Mẹkáníìkì ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa bá àwọn tó fẹ́ ra ọkọ̀ yẹ ọkọ̀ wò kí owó wọn tó kúrò lọ́wọ́. Nítorí pé ẹnu ẹ̀ ò yé sọ pé “Ẹ ní sùúrù, ẹ má kánjú rà á,” gbogbo ayé ń pè é ní Sùúrù. Ẹsẹ̀ obìnrin yìí ló kọ́kọ́ rí, ẹrẹ̀ bò ó dé kókósẹ̀. Kó tó rí ojú ẹ̀, ọkàn ẹ̀ ti lọ.

“Ẹ jọ̀ọ́ o,” ó ní, “kí lẹ ń wá lábẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀?”

“Òótọ́ ni mò ń wá,” obìnrin náà dá a lóhùn, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. “Gbogbo wọn ló ní ọkọ̀ àwọn lè gbé tọ́ọ̀nù kan. Èèpẹ̀ tèmi ò gbọ́ àsọdùn. Tí mo bá ti gbé e lé e, táyà á sọ tẹnu ẹ̀ fún mi.”

Ẹ̀rín pa Sùúrù tó fi forí sọ irin.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” obìnrin náà ní. “Ṣé nǹkan kan ò ṣe ọkọ̀?”

Bí wọ́n ṣe mọra nìyẹn. Sùúrù jáde, ó nuwọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ fún un, ó sì fi bébà pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn hàn án. “Ibí lòótọ́ wà. Ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ yìí lè gbé rèé, àtèèyàn àtẹrù. Ẹ yọ ìwọ̀n ara yín kúrò, ẹ yọ tẹni tó bá jókòó tì yín. Èyí tó kù ni ti èèpẹ̀.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, kílò mélòó lẹ wọ̀n?”

“Níbi tí mo dúró sí yìí, mo fúyẹ́ ju ìyẹ́ adìyẹ lọ.”

“Ẹ gbọ́ ìyẹn!” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì ju àpò náà sí èjìká padà. Láti ọjọ́ yẹn ni Sùúrù ti ń pè é ní Eléèpẹ̀.

Eléèpẹ̀ àti bàbá ẹ̀ ló ń gbin igi eléso kéékèèké sínú ọ̀rá, tí wọ́n sì ń kó wọn fáwọn tó fẹ́ dá oko, tèèpẹ̀ tèèpẹ̀. Iṣẹ́ tó wúwo ni. Ọkọ̀ tí bàbá náà ń wà ti darúgbó. Sípíríǹgì ẹ̀yìn ẹ̀ ti ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì jó irin mọ́ ọn. Owó ọkọ̀ tuntun wà nílẹ̀, kò ju ti ẹyọ kan lọ. Tí wọ́n bá ṣi ọkọ̀ rà, ó parí nìyẹn.

Sùúrù bá wọn fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra bí ẹni ń bá àbúrò ẹ̀ wá ọkọ. Funfun yẹn lágbára, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń bú ramúramù, ó lè fa ilé kúrò nídìí. Ṣùgbọ́n fífà yàtọ̀ sí gbígbé, ẹrù díẹ̀ báyìí, ìdí ẹ̀ ti wọlẹ̀. Pupa ló gbẹ́rù jù, ṣùgbọ́n gíà ẹ̀ ò ṣeé fọkàn tán. “Ọdún méjì péré, ilé mi lá máa sùn,” Sùúrù ní. Dúdú ò pariwo. Ẹrù tó ń gbé tó wọn, Sùúrù sì ti tú irú ẹ̀ palẹ̀ tó mẹ́wàá, ó mọ inú ẹ̀ bí ẹni mọ ilé ẹ̀.

“Dúdú ni,” ó sọ fún Eléèpẹ̀ àti bàbá ẹ̀ nínú ọgbà wọn, lórí àga onígi láàárín àwọn igi kéékèèké. “Ṣùgbọ́n ẹ dúró. Oṣù mẹ́ta sí i, ti ọdún tuntun á dé, wọ́n á fẹ́ lé èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Owó ẹ̀ á wálẹ̀ dáadáa.”

Bàbá náà wo ọkọ̀ ẹ̀ lẹ́nu géètì. “Ọmọ mi, mi ò rò pé tiwa yìí ṣì ní oṣù mẹ́ta nínú.”

“Bàbá, ẹ ní sùúrù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

Bàbá náà wo ojú ẹ̀ títí, ó wá wo ojú ọmọ ẹ̀. “Ó dáa,” ó ní. “A ó dúró.”

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí Sùúrù ò sọ. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni ọ̀gá tó ń ta ọkọ̀ ti pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ìyàwó òun fẹ́ bímọ, òun ń wá owó, bí wọ́n bá ra dúdú lọ́sẹ̀ yẹn, iye tí ì bá jẹ́ lópin ọdún náà lòun á gbà. Sùúrù gbọ́ ọ yékéyéké. Ó gbé e mì. Nítorí kí ni? Nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n bá ra ọkọ̀ ni iṣẹ́ tán. Kí ni Eléèpẹ̀ tún máa wá ṣe nídìí òun? Ẹ ò wá rí wèrè! Ọkùnrin tó lè gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì lókèèrè kó mọ ibi tó ń dùn ún, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fóbìnrin pé mo fẹ́ràn ẹ.

Oṣù méjì àkọ́kọ́ dùn, kí n má purọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ò lè lọ kí Eléèpẹ̀ má yà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ láti béèrè ibi tí ọjà dé. Á gbé àga wá sẹ́nu ọ̀nà, á máa bá a mú sípánà dání, á máa mú èyí tí kò béèrè fún un.

“Sípánà mẹ́rìnlá ni mo ní,” Sùúrù á wí.

“Mẹ́tàlá lojú yín ń wò,” Eléèpẹ̀ á fèsì. “ Ẹ mọ iṣẹ́ yín o.”

Mẹ́tàlá ló sì máa ń jẹ́ lóòótọ́. “Ẹ” tí wọ́n ń bára wọn sọ di “o” láàárín oṣù kan. Lọ́jọ́ kan tójò ń rọ̀, wọ́n gba dúdú lọ́wọ́ ọlọ́jà, wọ́n di èèpẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀ láti fi dán an wò. Wọ́n ń gun òkè kan lọ, dígí ti ṣú fún èémí àwọn méjèèjì.

“Mo fẹ́ràn ẹ,” Sùúrù ní, ojú ẹ̀ ń bẹ lójú ọ̀nà gan-in.

“Mo ti mọ̀,” Eléèpẹ̀ ní. “Èmi náà kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó rà ni.”

Ọjọ́ yẹn ló yẹ kó sọ. Ohun tó torí ẹ̀ purọ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́, kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ojú wo lá fi wò ó? Ó ní kóun jẹ́ kí oṣù kan tó kù parí, kí wọ́n rà á, kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ méjì kí oṣù kẹta pé. Òjò rọ̀ mọ́jú, èèpẹ̀ mu omi, ó wúwo ní ìlọ́po. Bàbá náà dì í kún ọkọ̀ àtijọ́ torí oníbàárà kan tó ń kánjú. Kò tíì sọ̀ dé ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú géètì wọn tí sípíríǹgì fi ṣẹ́. Ẹrù yí sápá kan, ọkọ̀ dojú dé. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé irin kúrò lórí ẹsẹ̀ òsì bàbá náà, kò sóhun tí dókítà lè ṣe sí i mọ́. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún.

Ìyá Eléèpẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, bàtà ọkọ ẹ̀ kan ṣoṣo wà lórí itan ẹ̀. Bó ṣe rí Sùúrù, ó na bàtà náà sí i. “Ìwọ lo ní ká dúró. Ọkọ mi ní ọkọ̀ ò ní oṣù mẹ́ta nínú. Ìwọ lo ní ká ní sùúrù!”

“Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀,” Eléèpẹ̀ ní, ó bọ́ sáàárín wọn. “Ire wa ló ń rò. Ọjà ló ní ká dúró, kì í ṣe òun.”

Kí Sùúrù gbà á bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́. Kó dákẹ́, kó bá wọn sunkún, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ayé. Ṣùgbọ́n bí Eléèpẹ̀ ṣe ń gbèjà ẹ̀ yẹn, kò lè gbé e mì mọ́. Ó fà á lọ́wọ́ lọ síbi àtẹ̀gùn.

“Ọjà kọ́,” ó ní. “Èmi ni.”

“Báwo?”

“Ọlọ́kọ̀ ti ní òun á já owó kù nígbà yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta kí n tó wá bá yín nínú ọgbà. Mi ò sọ fún yín.”

Eléèpẹ̀ ò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. “Kí ló dé?”

“Mo fẹ́ kó o máa wá.”

Nọ́ọ̀sì kan kọjá láàárín wọn. Eléèpẹ̀ dúró títí ó fi lọ tán.

“Ṣé o mọ èyí tó dùn mí jù?” ó ní. “Ká ní o pè mí láìsí ọkọ̀ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, ǹ bá wá.” Ó yí padà, ó gun àtẹ̀gùn lọ bá bàbá ẹ̀.

Ọdún kan gbáko. Eléèpẹ̀ ló fọwọ́ ara ẹ̀ ra dúdú, òun náà ló ń wà á. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Sùúrù kọjá pẹ̀lú èèpẹ̀ lẹ́yìn, kò sì yíjú. Sùúrù náà ò sọ “ẹ ní sùúrù” fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí wọ́n bá bi í pé kí àwọn rà á báyìí àbí kí àwọn dúró, gbogbo ohun tó mọ̀ lá tú sílẹ̀, dáadáa àti burúkú, títí kan èyí tí wọn ò bi í. Àwọn oníbàárà ń sọ pé ọkùnrin yìí ti ń sọ̀rọ̀ jù. Bó bá délé, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì láìbọ́ bàtà, á máa ro bí gbólóhùn kan ì bá ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ èèyàn wà lára ẹ̀. Oúnjẹ ò wọlé fún un bíi tàtẹ̀yìnwá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, dúdú kò kọjá. Ó dúró. Eléèpẹ̀ ló wà á, bàbá ẹ̀ jókòó tì í, igi ìtìlẹ̀ méjì wà láàárín orúnkún ẹ̀. Sùúrù jáde, ó rí i, ó sì wólẹ̀ sínú ọ́ìlì tó dà sílẹ̀.

“Dìde,” bàbá náà ní. “Aṣọ ẹ.”

“Bàbá, ẹ dárí jì mí.”

“Mo ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé nǹkan kan ń bẹ lẹ́nu ẹ tí o ò sọ. Mo wo ojú ẹ, mo wo tọmọ mi. Mo ní ìfẹ́ ni, kí n jẹ́ kí ọmọ mi fi oṣù mẹ́ta rẹ́rìn-ín. Èmi náà dẹ̀ ni mo di èèpẹ̀ tútù kún ọkọ̀ tí mo mọ̀ pé kò dáa. O jẹ̀bi, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n má ṣe é bíi pé ìwọ nìkan ni.”

Sùúrù dìde, ọ́ìlì ń kán lórúnkún ẹ̀. Eléèpẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó wá dúró níwájú ẹ̀. Obìnrin náà ti rù.

“Mi ò tíì dárí jì ẹ́ tán,” ó ní. “Mi ò mọ̀ bóyá mo máa lè ṣe é tán. Ṣùgbọ́n kò sọ́jọ́ tí mo kọjá níbí tí mi ò wò ẹ́.”

“O kì í yíjú.”

“Inú dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni mo ti ń wò ẹ́, ọ̀dẹ̀. Tí o bá ní nǹkan í sọ fún mi, sọ ọ́ báyìí. Má sọ ti oṣù tó ń bọ̀ fún mi.”

“Mo fẹ́ kó o jẹ́ ìyàwó mi,” Sùúrù ní. “Mo fẹ́ ẹ lónìí, mo fẹ́ ẹ lọ́la. Kò sì sóhun kan tí mo tún fi pamọ́.”

“Ó dáa,” Eléèpẹ̀ ní, omi lé ròrò sí i lójú. “Ó dáa náà.”

Ìyá ẹ̀ ò tètè gbà. Ó fi oṣù méjì kọ̀, ó wá ní òun á tẹ̀ lé wọn torí ọkọ òun. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó dá Sùúrù lóhùn nígbà tó kí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sùúrù dúpẹ́ fún èyí tó rí gbà.

Yàrá tí wọ́n ti ń so tọkọtaya pọ̀ gùn, ó mọ́, tábìlì akọ̀wé wà lápá ọ̀hún lọ́nà jíjìn. Ìyàwó fọwọ́ síwèé, ọkọ fọwọ́ sí i. Ó ku bàbá ìyàwó, ẹlẹ́rìí wọn, tó jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn. Akọ̀wé gbé ìwé dìde kó gbé e lọ bá a.

“Ẹ fi í síbẹ̀,” bàbá náà ní. “Mò ń bọ̀.”

Ó fi igi méjèèjì ti ara ẹ̀ dìde. Igi, igi, ẹsẹ̀. Ó sinmi. Igi, igi, ẹsẹ̀. Òógùn yọ níwájú orí ẹ̀. Ìyá ìyàwó dìde, bàbá náà mi orí sí i, ìyá náà tún jókòó. Bàbá náà kò tíì dé ìdajì ọ̀nà. Sùúrù tẹrí ba, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀, omijé ń já bọ́ sórí bàtà ẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀ mú ọwọ́ ẹ̀, ó dì í mú gírígírí.

“Gbé ojú ẹ sókè,” ó sọ sí i létí. “Wò ó.”

Sùúrù gbé ojú sókè, ó sì wò ó títí tó fi dé ìdí tábìlì.