Ihò Inú Máàpù Òkè

Kí obìnrin kan tó jókòó ló ti ń tú okùn ara máàpù rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì Bàbá Onímáàpù, tó ń tún máàpù àtijọ́ ṣe. Òkè àti igbó kìjikìji ló kún inú rẹ̀, àfi ilé kan ṣoṣo nísàlẹ̀. Láàárín òkè àti ilé, ihò kan wà tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

"Eku ló jẹ ẹ́?"

"Eku ni, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè bá mi dí i. Ọkọ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ṣé inú bébà lọkọ tìẹ ń gbé ni?"

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ gun òkè yẹn, wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Àmọ́ láti ìgbà òjò, àwọn àmì wínníwínní bí ojú abẹ́rẹ́ ti ń hàn lórí máàpù, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ sápá ilé náà.

"Ilé wa nìyẹn," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Bàbá fi awò wò ó. Àwọn àmì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. A kì í bá ẹni tó ń retí jiyàn.

Nídìí iṣẹ́ wọn, bébà funfun ni wọ́n fi ń dí ihò. Ohun tí ẹni tó wọn ilẹ̀ ò bá yà, alátùn-únṣe ò gbọdọ̀ yà á. Ṣùgbọ́n àánú obìnrin náà ṣe é, kò fẹ́ kó máa rí àpá. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, bàbá lẹ bébà mọ́ ihò náà, ó mú kálàmù, ó fa àwọn ìlà òkè láti etí kan dé ìkejì. Àyè kò gbà wọ́n, ló bá fún wọn mọ́ra. Ó kúkú mọ̀ pé ibi tí ìlà bá ti fún mọ́ra lórí máàpù, ilẹ̀ ibẹ̀ dúró ṣánṣán bí ògiri ni.

"Bébà ṣáà ni," ó wí fún ara rẹ̀.

Nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, òórùn òkúta tútù ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àmì náà ti wọ orí bébà tuntun. Wọ́n dé etí àwọn ìlà tó fà, méjì dúró síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹsẹ̀ ènìyàn. Ọ̀kan tó kù wà nísàlẹ̀ àwọn ìlà náà pátápátá, bí ẹni já bọ́, ó tóbi ju àwọn yòókù lọ.

Ó ń fi abẹ fá ìlà rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin náà wọlé, tòun ti aṣọ tuntun lọ́rùn.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Mo ti tẹ́ ibùsùn rẹ̀."

Ó fi ìka tọ àwọn àmì náà bọ̀ wálẹ̀. Ìka náà dúró létí àwọn ìlà bàbá.

"Bàbá, ta ló ya èyí?"

Abẹ bọ́ lọ́wọ́ bàbá.

Obìnrin náà ká máàpù rẹ̀, ó fi okùn dì í, ó sì jáde.